Wo Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Abọ́sẹ̀dé ní kí n bọ́ ẹ̀wù, mo bọ́ ọ.
Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, mo dùbúlẹ̀
bí ọkọ̀ tí wọ́n fà gòkè láti kun ìdí rẹ̀ lọ́dà.
Ó fi òróró tútù kan sí mi láyà.
Mo lọgun. Ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ má bínú, Bàbá, òtútù ọ̀hún kì í pẹ́."

Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Èjìnrìn, kó tó yọ lójú,
mo ti gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé pọ́lọ́ọ̀gì kan ti kú.
Èmi Ráfíù tí mo ń fetí ṣàyẹ̀wò,
èmi náà ló wá dùbúlẹ̀ yìí,
tí ọmọdé ń wo ẹ́ńjìnnì inú mi.

Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti fi pésímékà sí mi lábẹ́ èjìká.
Kò ju agolo rọ́ọ̀bù lọ.
Kí wọ́n tó fi í síbẹ̀, ọkàn mi a máa lù, a tún gbàgbé,
bí ọmọ iléèwé tó sùn lọ láàárín ìṣirò.
Ojú Sìdíkátù ni mo ṣubú sí, tàwo tẹja.
Láti ìgbà náà, kò gbàgbé mọ́.
Mo ní, kí ló tún kù tí ẹ ń wá?

Abọ́sẹ̀dé yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi.
Òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ bí èéfín,
ohun kan ń ṣí, ó ń tì,
bí ẹnu ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sísàlẹ̀ ọkọ̀.
Mo kí i pé ó kú iṣẹ́.

"Ẹ̀rọ yín ń lù déédéé, Bàbá.
Ṣùgbọ́n lílù lọ́tọ̀, títú ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́tọ̀.
Apá kan ọkàn ni wáyà ń kọ́kọ́ jí,
èkejì a wá máa wọ́ tẹ̀lé e,
bí ẹni tí wọ́n jí sáàrì tí kò fẹ́ dìde.
Bó bá pẹ́, ọkàn ẹlòmíràn a máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
olúwa rẹ̀ ò sì ní mọ̀.
Ìdí tá a fi ń wò ó nìyẹn."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Lọ́dún tó kọjá, nínú ọgọ́rùn-ún, márùndínlọ́gọ́ta.
Lónìí, márùndínláàádọ́ta.

Ó fẹ́ ṣàlàyé. Mo ní má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ọmọ mi.
Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó ń dún kíkankíkan,
tí abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ ti jẹ:
ariwo á gba ọ̀sà kan,
ọkọ̀ á dúró sójú kan bí ẹni ń ronú.
Mi ò gbowó oníbàárà rí lórí ohùn nìkan.
Tì í sómi, ni mo máa ń wí, tanná sí i,
kí o wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀.
Èhó omi ló ń jẹ́rìí ẹ́ńjìnnì.

Dókítà ní àwọn á yí ètò pésímékà padà,
àwọn á fi oògùn kún oògùn,
kí n padà wá lóṣù mẹ́ta;
bí kò bá gbéra, ó lè di wáyà mìíràn.
Mo ní kó kọ ọjọ́ náà gàdàgbà,
ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Mo dé etí omi. Táófíkì ọmọ iṣẹ́ mi na àtàǹpàkò sí mi:
"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"
Mo gbọ́.
Mo fọwọ́ lé agolo rọ́ọ̀bù mi,
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
mò ń wo omi.