Àwẹ́ Mẹ́rin

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.
Yàrá obì Bàbá Àgbà ni mo ti ń kàwé, ní Sábó Ṣàgámù,
láàárín apẹ̀rẹ̀ gbànja tí wọ́n fi ewé bò,
tó ń dúró de ọkọ̀ Kánò.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ń ṣẹ́jú lórí ojú ewé ẹ̀dọ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí nínú yìnyín Yukiréènì,
kí ìbọn tó lé wa wọ ọkọ̀ ojú irin.
Èdè wọn ni mo fi mọ orúkọ egungun.
Mo délé, káńsù ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi pè é;
aláìsàn tó jókòó níwájú mi, Rẹ́mọ ló ń sọ.

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti wá nọ́ńbà mi nínú èsì,
bí ẹni ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.
Wọ́n ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ti jó mi lẹ́ẹ̀mejì,
mo tún ń lọ já ewé rẹ̀.

Bàbá Ṣówándé gbé ẹsẹ̀ wá lánàá,
"Dókítà, bá mi wò ó."
Ọgbẹ́ tó kọ̀ tí ò jinná.
Mo mọ̀ ọ́n. Àtọ̀gbẹ, ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá.
Ọwọ́ ń yún mi láti kọ oògùn, ọwọ́ tí ò tíì níwèé àṣẹ.
Mo ní, "Ẹ lọ sí jẹ́nẹ́rà, Bàbá."
Ó wò mí, ó wo òkìtì ìwé:
"Kí wá lò ń kà?"

Bàbá Àgbà wọlé lóru yìí, kò bá mi sọ̀rọ̀.
Ó bó obì àbàtà kan, ó pa á sórí ìwé mi.
"Mélòó ni yàrá ọkàn?"
"Mẹ́rin."
"Èwo ló ń gbẹ̀jẹ̀ wọlé? Èwo ló ń tì í jáde?"
Ó ti ń gbọ́ mi lẹ́yìn ògiri láti oṣù kẹta.
Mo fìka kan àwẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo rò ó fún un,
ọ̀tún lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀, ó gba ẹ̀dọ̀fóró, ó padà,
láìkólòlò, ní èdè ilé wa.

Ó mú àwẹ́ kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu.
"Ẹni tí eléyìí bá bàjẹ́ lára ẹ̀ ńkọ́?"
Ó ń jẹ ẹ́ lọ, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi.
Ibẹ̀ ni mo ti wolẹ̀,
tí mo rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀
tó ti wú kọjá etí sálúbàtà.