Èyí Tí Kò Tó Ìwọ̀n

Nereida, ọmọ ilé-ìwé gíga láti Guayaquil,
bọ́ bàtà funfun yẹn sílẹ̀ kó o tó wọ ẹrẹ̀.
Ẹrẹ̀ Muisne kì í tọrọ, gbígbà ló ń gbà.
Ó ti gba òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi rí;
lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òkun gba ẹni tó fi òrùka náà sí mi lọ́wọ́.
Mi ò bá wọn jà.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Domitila ìyá mi
ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà tó dà bí ẹsẹ̀ akàn.
"Má fojú wá a," ó ní. "Ojú ò mọ nǹkan kan níbí.
Jẹ́ kí ìka rẹ máa béèrè."
Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè,
èéfín èèpo àgbọn nímú, nítorí ẹ̀fọn,
ẹ̀yìn mi tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja.
Tí omi bá sá, a ó wọlé;
tí omi bá ń bọ̀, a ó jáde. A kì í bá onílé du ilé.

Ìka mi mọ kọ́ńṣà dúdú nínú ìkarahun rẹ̀ méjèèjì,
ó mọ òkúta, ó mọ ẹja olóró tó ń lúgọ sínú ihò
(wo àpá yìí).
Ó mọ ìwọ̀n pẹ̀lú:
èyí tí kò bá tó oríkèé àtàǹpàkò mi kì í délé.
A ó dá a padà, a ó fi ẹrẹ̀ bò ó
bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Àfi lánàá tí o gbé awò rẹ sórí tábìlì mi,
awò tí ń sọ èèrà di erin,
tí o la kọ́ńṣà kan, tí o ní kí n wá wò.
Mo rí okùn tín-ín-rín. Mo rí èérún pupa.
Mo sì rí ohun búlúù kan, etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn.
"Ike ni, Màmá Eulogia. Bóyá láti ọ̀nà jíjìn."
Mo dákẹ́. O rò pé kò yé mi ni.

Búlúù yẹn, mo mọ̀ ọ́n.
Apẹ̀rẹ̀ ìtàkùn ni ìyá mi ń lò;
tó bá gbó, ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, kò sí ẹjọ́.
Èmi lọ ra garawa, dọ́là méjì ààbọ̀,
lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kiri ọjà.
Ó fúyẹ́. Inú mi dùn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wọ́ ọ lórí gbòǹgbò,
ó ń ha, ó ń ha, etí rẹ̀ ń dín,
mi ò bi í léèrè ibi tí èyí tó ń dín ń lọ.

Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé láti ọ̀nà jíjìn ni.
Òótọ́ ni. Òkun ń gbé ìgò wá tí mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára,
àwọn olóko edé sì ń da ọ̀rá wọn sódò
lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹ̀gbà wa tán.
Ṣùgbọ́n fi ìlà kan sílẹ̀ fún garawa mi.

Omi ti ń sá. Jẹ́ ká lọ.
Mo ti bẹ Don Wilfrido kó bá mi já ìtàkùn bọ̀ láti inú igbó.
Ìka mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń hun ún mọ́;
yóò máa béèrè.
Ohun kan ṣoṣo ni kí awò rẹ sọ fún mi:
èyí tó kéré, à ń dá a padà fún ẹrẹ̀.
Èyí tó kéré ju gbogbo kékeré lọ yìí ńkọ́,
ta ni a ó dá a padà fún?