Ilé Kòkó Òkè-Àró

Òórùn kòkó ò tíì kúrò lára ògiri
ilé ìkẹ́rù tí bàbá Monísọ́lá fi sílẹ̀.
Òṣùwọ̀n irin ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn;
lórí rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà kejìlá lé,
èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti yọ.

Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní:
ẹni tó bá rí iṣẹ́, kó fa ẹnìkan wọlé.

Akínlúyì, tó ń lẹ táyà tẹ́lẹ̀,
ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.
Iná lọ. Kò sẹ́ni tó dìde.

Lóṣù kẹta, ìyá rẹ̀ ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó wo òṣùwọ̀n tó ti dípẹtà:
“Monísọ́lá, kí lẹ tà?”