Ìnípọn Kọ́bọ̀ Kan

Bàbá Eléku ni wọ́n ń pè mí ní Ìdí-Àràbà.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fún eku lóúnjẹ,
tí mo ń pààrọ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó lábẹ́ wọn
nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣúárì.
Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíyẹmí Àgòrò
kó má wulẹ̀ ka ìwé ẹ̀rí ara ògiri.
Kó wá bi mí.

Ọmọ Òkè-Súnà ni.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lásísì, ń ránṣọ níwájú ilé wọn.
Lálẹ́ ọjọ́ kan gíláàsì lúfà já lé e lọ́wọ́,
ó gé iṣan ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni gé òwú.
Wọ́n rán awọ. Egbò jiná.
Ìka méjì kò jí.
Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un, kò mọ̀;
ẹ̀jẹ̀ ló sọ fún un,
ẹ̀jẹ̀ lórí léèsì oníléèsì.

Dókítà ní iṣan ìmọ̀lára a máa hù padà,
àmọ́ kì í sáré:
ìnípọn kọ́bọ̀ kan ló ń rìn lóòjọ́.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ìbíyẹmí nígbà náà.
Ó wá agolo, ó ń sọ kọ́bọ̀ kan sí i láràárọ̀,
tó bá dalẹ́ á tò wọ́n ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
láti ọrùn-ọwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́, dé oríkèé.
Kọ́bọ̀ dé góńgó ìka.
Iṣan kò dé.

"Níbo ló wá dúró sí?"
Ìbéèrè tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn.
Kò bi òmíràn títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ti ẹsẹ̀ eku bọ tàdáwà,
ká jẹ́ kó rìn gba ojú ọ̀nà tóóró, bébà lábẹ́ rẹ̀.
Eku tí iṣan rẹ̀ ti gé ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ọ̀mùtí.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkẹrin, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í là lórí bébà,
ọ̀kan, èkejì, bí ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ṣí.
Ìgbà náà nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Lóru tí wọ́n múná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀,
tí sẹ́ẹ̀lì ọdún méjì wà nínú fíríìjì,
a sáré ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja ní Mushin
títí owó oṣù mi fi tán.
Ilẹ̀ mọ́, omi ni gbogbo rẹ̀.
Ó nu tábìlì. Ó ní, "Bàbá Eléku,
ẹ bá mi ka eku tó kù."

Àwọn olóòtú òkè òkun dá ìwé rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹfà.
Ó kó lẹ́tà wọn fún mi: ẹ̀yìn wọn funfun.
Eku rìn lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ohun tó rí kò tóbi.
Ó ní iṣan kì í gbàgbé ọ̀nà; àpá ló ń dí i.
Àpá tí a ń wò tí a ń ní egbò ti jiná,
òun gan-an ni ògiri.
Ó tú ògiri náà lára eku mẹ́sàn-án nínú méjìlá.
Kó tó kan ọmọ ènìyàn, Lásísì ti kú;
ìka méjèèjì bá a wọlẹ̀, wọn ò jí.

Ṣúgà ti wọ ẹsẹ̀ èmi náà báyìí.
Ó wá kí mi lánàá ní Ìdí-Orò,
ó fi orí píìnì kan ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi.
"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"
Mo purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n.
Ẹsẹ̀ eku tó ti wò pọ̀ ju kó gbà mí gbọ́.
Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ kọ́bọ̀ kan
tí kò lè ra iyọ̀ mọ́ l'Ékòó,
ó fi lé orí tábìlì mi.
"Tó bá di ọ̀la," ó ní, "ẹ gbé òmíràn lé e."