Ojú Ìwé Kejìléláàádọ́fà

Ìwé náà wúwo ju ọmọ ọwọ́ lọ.
Dúdú ni èèpo rẹ̀, àfi lẹ́tà pupa jákujàku
bí ẹni pé ọlọ́pàá ń lé ẹni tó kọ ọ́.
Mo yá a nílé ìkàwé àdúgbò wa nílùú Halle,
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń rọ̀.
Ọmọdébìnrin tó lu òǹtẹ̀ sí i wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀:
ewú orí mi, àpò ọ̀dùnkún mi, bàtà onírọ́bà.
"Ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ yá a fún?"
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Nílé, mo gbé omi tíì kaná, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.
Òǹkọ̀wé náà gbọ́n. Ó mọ ọdún, ó mọ oṣù.
Ó ní rédíò àwọn ará ẹ̀yìn odi ló gbé páǹkì wọ̀lú wa,
lóru, tó ń ta pàrà bí ẹja nínú òróró gbígbóná.
Òótọ́ ni.
Ó ní àwọn gọ́ọ̀tì tẹ̀ lé wọn,
wọ́n ń wọ aṣọ ọ̀fọ̀ láìsí òkú nílé.
Ó pín wa sí orí mẹ́rìnlá,
ó fi àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kàn wá mọ́lẹ̀.
Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé omi ṣúgà la fi ń gbé irun dúró
bí ogbè àkùkọ,
tí agbọ́n á sì máa lé wa kiri nígbà ooru.
Kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọrùn Sieglinde,
ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ni,
tí ìyá rẹ̀ fi odidi ọdún kan pọn omi ní garawa.

Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣí ewé náà.

Yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ògiri ń làágùn.
Pásítọ̀ fi ìka di etí méjèèjì.
Láàárín, ọmọkùnrin kan, ẹnu rẹ̀ là gbàgà,
píìnì létí, ẹsẹ̀ kan lókè.
Wọ́n kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀:
"Ọ̀dọ́ kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀."

A kò mọ̀?
Ta ni "a"?
Torsten ni. Torsten Quandt, àbúrò mi,
tó ń bẹ̀rù ajá, tí kì í jẹ àlùbọ́sà,
tó fi owó bàtà òtútù ra gìtá tí ọrùn rẹ̀ ti kán.
Àwọn tó ń ṣọ́ wa nígbà náà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.
Wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì, wọ́n kọ ohun tó jẹ, ẹni tó kí,
wákàtí tó pa iná yàrá.
Ṣé ọ̀tá nìkan ló ń kọ orúkọ ẹni pé ni?

Wọ́n mú un ní oṣù kejì.
Nígbà tó dé, irun rẹ̀ ti sùn.
Ó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀,
títí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi mú un lọ.

Mo mọ òfin ilé ìkàwé.
Mo wá pẹ́ńsù, n kò rí.
Mo mú bírò.
Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tó là yẹn,
orúkọ àti orúkọ bàbá, jákujàku.
Omi tíì ti gbẹ, ìkòkò ti jóná.

Owó ìtanràn, yúrò mẹ́sàn-án.
Mo san án.
Mo gba rìsíìtì.