Ahọ́n Idẹ Lórí Tábìlì Ìdáná

Òjò dídì ti bo ojú fèrèsé kó tó di aago mẹ́rin.
Ní Klingenthal, bí oòrùn bá yọjú ní oṣù Kejìlá,
bí ẹni tó yà wá béèrè ọ̀nà ni, kì í jókòó.
Mo tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì ìdáná
kí súkúrù má baà yí bọ́ sílẹ̀ bíi ti àná
tí mo fi orúnkún wá a kiri lábẹ́ sítóòfù.

Mo tú fèrè ẹnu palẹ̀.
Ìbòrí òkè lọ́tọ̀, ìbòrí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀,
òòyà igi àárín ń rùn itọ́ ọdún mẹ́ta,
pẹlẹbẹ idẹ méjì, ahọ́n mẹ́wàá mẹ́wàá lára wọn,
wọ́n sùn ti ara wọn bí ọmọ bàbá kan lórí ẹní,
láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn.

Ta ni yóò gbà pé èmi Volkmar, awakọ̀ bọ́ọ̀sì,
ni mo ń fi abẹ́rẹ́ gbé ahọ́n tí kò nípọn tó èékánná?

Mo ti ba márùn-ún jẹ́. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́.
Èkíní, mo fi ìbínú ha á, ó kán.
Èkejì, mo gbé ahọ́n rẹ̀ sókè jù,
èémí ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn.
Ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ jù, ó yadi.
Ti ẹ̀kẹrin, ẹ má bi mí.
Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe tèmi. Ti Gernot ni,
ẹ̀gbọ́n mi tí a sin ní oṣù Kẹta.
Mo kó egungun rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì
títí ọwọ́ mi yóò fi gbọ́n.

Màmá Meinel tó ń gbé òkè wa
fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kan ahọ́n mọ́ idẹ ní ilé iṣẹ́.
Ó wá dá ìkòkò wa padà, ó wo ọwọ́ mi, ó pòṣé.
“Bí o bá fẹ́ kí ohùn ròkè, orí ahọ́n ni kí o ha.
Bí o bá fẹ́ kó wálẹ̀, ìdí rẹ̀ ni.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré, lẹ́yìn náà kí o dúró:
idẹ tó bá gbóná lọ́wọ́ ẹni a máa purọ́.”
Mo ní, “Ẹ̀yin náà ń fọn ọ́n?”
Ó ní, “Èmi kẹ̀? Alágbẹ̀dẹ kì í jẹ ọkọ́.”
Ó gbé ìkòkò náà, ó tún gbé e lọ.

Irmtraud ń sùn ní yàrá kejì.
Òru ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ọ̀sán ni òru tirẹ̀.
Nítorí náà n kì í fọn. Mo kàn ń mí ni,
bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná.
Mo gbé ihò kẹrin sí ètè, mo fa èémí sínú.
Ó relẹ̀. Mo fi fáìlì kan orí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì.
Mo dúró. Mo mí. Ó kù díẹ̀.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀… mo tún ha á.

“Ó ti ròkè jù, Volkmar.”
Mo ta gìrì. “O ò sùn ni?”
“Mo ń sùn. Ha ìdí rẹ̀.”

Ọdún mẹ́tàlélógún la ti jọ ń gbé,
n kò mọ̀ pé ó ní irú etí yìí.
Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà nínú ẹnu kan náà;
kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé etí ń gbọ́ wọn.

Mo ha ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo jẹ́ kó tutù. Mo mí.
Yàrá kejì dákẹ́.
Bóyá ó tọ̀nà ni, bóyá oorun ló gbé e lọ.
Ihò keje ṣì ń ké bí ewúrẹ́. Ìyẹn di ọ̀la.
Agolo bisikíìtì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, n kò wo ibẹ̀.
Mo ka súkúrù. Méje.
Mẹ́jọ ni mo tú.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀.