Mo Pe Orúkọ Ẹsẹ̀ Mi

Rẹ́jísítà àtijọ́ kan, tí Fọ́ọ̀mù Tú kò lò tán,
ni mo fi ń kọ ìrìn ẹsẹ̀ mi sílẹ̀.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún: ó wá.
Ẹsẹ̀ òsì: ó wá, àmọ́ ó pẹ́.
Èémí: ó tọrọ àyè, ó ní òun ń lọ sílé.

Olùkọ́ iṣẹ́ pákó ni mí ní Ẹrìjìyàn,
ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì,
kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ eré sísá.
Aago márùn-ún ìdájí, kùrukùru ṣì bo orí òkè,
mo ti wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀gòsì.
Ajá Bàbá Fálùyì á gbó mi dé ibi tí ààlà rẹ̀ mọ,
á yí padà, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí.

Lọ́dún tó kọjá, ojú mi wọ kìlómítà bí ojú ahun ṣe ń wọ owó.
Ogójì lọ́sẹ̀ kan. Àádọ́ta lọ́sẹ̀ kejì.
Mo kà á dé àádọ́rin, mo tún ń wá ẹyọ kan sí i,
bí ẹni tó ń bu iyán, tí ikùn ti ní ó tó,
tí ojú ṣì wà nínú àwo.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi tagbára-tagbára gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.
Ọjọ́bọ̀, mo tún gùn ún.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ilésànmí ní ká sá eré gígùn,
mo ní gígùn nìkan kẹ̀? Ká yáa sá a ní kíákíá.

Ara kì í pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.
Ó kọ́kọ́ gba oorun lójú mi.
Ó mú kí àyà mi máa lù kì kì kì lórí ibùsùn
kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.
Ó jẹ́ kí n jágbe mọ́ ọmọ kíláàsì
nítorí ìṣó kan ṣoṣo tó wọ́.
Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Ó bá sọ̀kalẹ̀ sí ojúgun òsì,
níbi tí kò sí ẹran tí ìrora lè sá pamọ́ sí.

Nọ́ọ̀sì Bọ́láńtalẹ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, mo fò sókè.
Ó ní, “Tíṣà, ẹ ti fi pákó tútù kan àga rí?”
Mo ní ká má rí i! A ní láti sá a kó gbẹ,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ká kò, á sì là.
Ó wò mí.
Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sórí káàdì.

Ọjọ́ eré ìje Adó, etí títì ni mo dúró sí,
mo di ọ̀rá omi mú fún Ilésànmí.
Ó já a gbà, ó kọjá,
kò tilẹ̀ mọ̀ pé èmi ni.

Ní báyìí, eré tí ń dójú tini ni mò ń sá,
eré tí mo lè fi sọ ìtàn tán láìmí hẹlẹ.
Ọlọ́kadà ń dúró bi mí bóyá kí òun gbé mi.
Àwọn ọmọ tó ń pọnmi ń kọjá mi lọ,
èyí tó kéré jù yíjú padà: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!”
Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀, n ò yá ẹsẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni mo ń tú okùn lọ́rùn ara,
kí òkè lè mọ̀ pé mo ṣì wà láyé.
Ìyókù, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí mo bá dé Ìkọ̀gòsì, mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ odò,
òsì sínú omi gbígbóná, ọ̀tún sínú èyí tó tutù,
níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣàn pàdé.
N kì í bi wọ́n pé ta ló ju ta lọ.
Mo kàn ń jókòó ni,
títí àwọn tó ń gbowó ẹnu ọ̀nà á fi jí.

Ojúgun yẹn ṣì ń rántí, pàápàá nígbà ọyẹ́.
A jọ ń gbé ni.
Lánàá, òjò rọ̀, ara mi kò dá,
bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ajá.
Mo ṣí rẹ́jísítà, mo pe orúkọ:
ọ̀tún, ó wà lábẹ́ aṣọ. Òsì, ó wà lábẹ́ aṣọ.
Mo kọ “ó wá” síwájú gbogbo wọn,
mo sì padà sùn.